Ṣé Ìfẹ́ Ni Kí A Bo Àṣírí Ọmọ Ìyá Ẹni?

Kí ló ń fà wá sí ìwé ìtàn tí ewu ti wọ inú ilé? Àwọn kan ní ìpayà lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú My Sister, the Serial Killer tí Oyinkan Braithwaite kọ ní 2018, Ayoola ń pa àwọn ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ní Èkó. Korede ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀. Mo ti mọ apààyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ n kò lè gbé ìwé náà sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló dá mi dúró: bó bá jẹ́ àbúrò mi ńkọ́?

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Bí Korede ṣe ń bo àṣírí ni òkú ń pọ̀ sí i. Àwọn tó kú náà ní ẹbí tó ń wá wọn. Ní tèmi, ìfẹ́ tí kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ẹni kò tíì pé. Àǹfààní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìyí: ó ń jẹ́ kí á ronú sí ìdáhùn kí ọ̀rọ̀ tó dé bá wa nílé.