Èèwọ̀ Ẹnìkan, Òfin Ọ̀pọ̀ Ènìyàn

Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin mìíràn a máa di àkùkọ, a sì máa kọ níbi tí ẹni tí ó ni ín kò rán an sí. Irú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú àwo orin Out of Step, tí ẹgbẹ́ Minor Threat gbé jáde ní ìlú Washington, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1983.

Ọ̀dọ́ mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1980. Orin pọ́ǹkì tí a mọ̀ sí hardcore ni wọ́n ń kọ: ó yára, ó ń pariwo, kì í sì í pẹ́ tán. Etí tí dùndún ti tọ́ dàgbà lè má tètè gbà á. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí olórin láìsí ọtí àti oògùn olóró. Ian MacKaye, akọrin wọn, ti sọ nínú orin kan ní 1981, 'Straight Edge', tí kò tó ìṣẹ́jú kan, pé òun kò sí nínú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé orin tí ń ta ọtí a máa kọ àmì X gàdàgbà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọdé kí a má baà ta ọtí fún un. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sọ àmì ìdènà náà di àmì ẹ̀yẹ.

Nígbà tí wọ́n ń gba ohùn àwo ti 1983 sílẹ̀, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀. Jeff Nelson, onílù wọn, kò fẹ́ kí olùgbọ́ rò pé àṣẹ ni wọ́n ń pa. MacKaye fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí àárín orin tí a fi sọ àwo náà lórúkọ, ó ní kì í ṣe òfin ni òun ń ṣe. Yorùbá yóò ní èèwọ̀ ni. Ẹni tí ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, ṣùgbọ́n kì í torí bẹ́ẹ̀ fọ́ agbè ẹmu aládùúgbò rẹ̀.

Àlàyé náà kò dá nǹkan kan dúró. 'Straight Edge' di orúkọ ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún ọ̀dọ́ káàkiri ayé. Ó kó ọ̀pọ̀ yọ lọ́wọ́ ọtí, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ní Salt Lake City, ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan nínú wọn ń lu ẹni tí ó mu sìgá tàbí ọtí, títí àwọn ọlọ́pàá fi kà wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìta. Àwòrán iwájú àwo náà, tí Cynthia Connolly yà, ni ti àgùntàn dúdú kan tí ó fò kúrò láàrin agbo àgùntàn funfun. Àwọn tí ó fẹ́ràn àgùntàn dúdú náà ti di agbo.

Ǹjẹ́ ẹ̀bi MacKaye ni? Àwọn tí ó ní kò bá ti dákẹ́ kò ro ti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà gbà là. Síbẹ̀, a kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ pátápátá. Ohun tí a bá fi igbe sọ, àṣẹ ni etí ń gbọ́ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara ẹni ni. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń sọ pé òun kò dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí a wò. Nínú Fugazi, ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré ní 1987, bí ọ̀dọ́ kan bá ń ṣe ẹlòmíràn léṣe láàrin èrò, wọn a dá orin dúró, wọn a bá a wí, bí kò bá sì gbọ́, wọn a dá dọ́là 5 tí ó fi wọlé padà fún un, wọn a sì ní kí ó máa lọ sílé.