Ta Ni Ó Ni Àga Òfìfo?

Ọ̀ràn tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kéré lójú, débi pé àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa lè bi wá pé kí ni ó mú wa fi takàdá ṣòfò lé e lórí. Kì í ṣe ọ̀ràn ogun, kì í sì í ṣe ọ̀ràn ogún. Ọ̀ràn tábìlì kan ni, nínú ilé kọfí, ní wákàtí tí ebi ń pa gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó bá wa nídìí tábìlì náà kò tíì kúrò lára wa, nítorí náà ni a ṣe ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí àwa àti ọ̀rẹ́ wa kan wọ ilé kọfí kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Irú ilé tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń lọ sí ìdí káńtà ni, tí yóò tò sórí ìlà, tí yóò san owó, tí yóò sì gbé àtẹ oúnjẹ rẹ̀ wá ibi tí yóò jókòó. Ìlà gùn dé ẹnu ọ̀nà. Bí a ti rí tábìlì kan tí ó ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, a sáré gbé fìlà wa lé e, ọ̀rẹ́ wa fi agbòòrùn rẹ̀ kọ́ àga kejì, àwa méjèèjì sì lọ tò pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tí ó gbọ́n. A ti dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí a rí bàbá arúgbó kan tí ó ti gba tíì tirẹ̀ tán. Ọ̀pá wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ago gbígbóná sì wà ní ọwọ́ kejì. Ó rìn dé ìdí tábìlì wa, ó wo fìlà, ó wo agbòòrùn, ó yí padà, ó sì lọ fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ ni ó ti mu tíì rẹ̀ ní ìdúró. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò tilẹ̀ wo ojú wa, nítorí kò mọ ẹni tí ó ni fìlà. Kí àwa tó gbé oúnjẹ wa dé ìdí tábìlì náà, ó ti mu tirẹ̀ tán, ó sì ti bọ́ sínú òjò.

Ẹ lè bi wá pé, kí ni ó dé tí ẹ kò ké sí i pé kí ó jókòó? Èrò tí ó wà lọ́kàn wa ni pé bí a bá fi ìlà sílẹ̀, a ó pàdánù ipò wa. A kò ní purọ́. Ọmọ Yorùbá ni wá. A ti tọ́ wa láti kékeré láti dìde fún àgbà lórí àga tí a jókòó lé. Báwo ni ó ṣe wá rọ̀ wá lọ́rùn láti lé àgbà kúrò nídìí àga tí a kò tilẹ̀ tíì jókòó lé? A ti ronú sí i pẹ́, a sì gbà pé fìlà ni ó mú un rọrùn. Bí ó bá jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a wà níbẹ̀, ojú ì bá tì wá láti sọ fún bàbá náà pé, "Ẹ má jókòó síbí." Fìlà sọ ọ́ fún un nígbà tí àwa ń wo ibòmíràn.

Ọ̀rẹ́ wa kò gbà pé a ṣẹ̀. Ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá tètè dé odò ni í pọn omi tí ó tòrò, kò sì sí ohun tí ó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò gbè wá. Èkíní, ẹni tí ó tètè dé odò pọn omi rẹ̀, ó sì gbé e rù. Kì í já ewé lé ojú omi kí ó tó padà sílé lọ gbé ìkòkò. Èkejì, èyí tí ó sì dùn wá jù, bàbá náà ni ó kọ́kọ́ dé! Ó ti wà lórí ìlà kí a tó wọlé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní gba tíì ṣáájú wa. Òun wọlé, ó sì tò gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Àwa wọlé lẹ́yìn rẹ̀, a gba tábìlì ṣáájú rẹ̀, a sì tún wá tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà kan ni gbogbo ènìyàn rí nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n ìlà kejì wà tí ojú kò rí, ti tábìlì, àwa sì ti fo bàbá náà lórí ìyẹn.

Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní ààlè. Bí ẹnì kan bá ṣẹ́ igi ìdáná jọ nínú igbó, tí kò sì lè rù ú tán lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé nǹkan lé e tàbí kí ó so nǹkan mọ́ ọn: àkísà, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, igbálẹ̀ tí ó ti gbó. Ẹni tí ń kọjá yóò rí i, yóò sì mọ̀ pé ìtì igi náà ní ẹni tí ó ni ín. Ohun tí a fi ṣe ààlè kì í níye lórí. Ìkìlọ̀ ni ó jẹ́ fún olè pé bí nǹkan yìí ti di ohun àpatì, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ẹni tí ó bá jí i. Ọ̀rẹ́ wa di èyí mú ṣinṣin. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i pé fìlà yín, ààlè ni?" Ó jọ ọ́ lójú, nítòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ààlè ń ṣọ́. Òógùn ẹni tí ó ṣẹ́ igi wà nínú ìtì náà. Bí ẹlòmíràn bá gbé e, òógùn yẹn ni ó jí. John Locke ará Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọba tí a kọ ọdún 1690 sí lára, gbé ẹ̀tọ́ ohun ìní ka orí iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Àwọn tí ń ṣẹ́gi nínú igbó wa kò nílò ìwé rẹ̀ láti mọ̀ ọ́n. A kò gbọ́ rí pé ẹnì kan pa ààlè sí ojú ọ̀nà, tàbí sí abẹ́ igi odán tí àwọn àgbà ń gba atẹ́gùn sí. Iṣẹ́ wo ni àwa ṣe sí ara tábìlì ẹ̀bá fèrèsé yẹn? A rí i ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Cicero ará Róòmù, nínú ìwé kan tí ó kọ ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Olúwa wa, jẹ́ kí Cato fi ilé ìṣeré ṣe àpèjúwe: ilé náà jẹ́ ti gbogbo ìlú, síbẹ̀ ó tọ́ láti pe àyè tí olúkúlùkù ti gbà ní tirẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Basil, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà, mú irú àpèjúwe kan náà, ó sì dojú rẹ̀ kọ ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ó ń bá àwọn ọlọ́rọ̀ wí nítorí àká wọn, ó fi wọ́n wé ẹni tí ó gba àyè nínú ilé ìṣeré, tí ó sì wá ń dènà àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹni pé ohun tí a ṣe fún ìlò gbogbo ènìyàn ti di tirẹ̀ nìkan. Àwọn méjèèjì kò takora tó bí ó ti jọ lójú. Ti Cicero ni ti ẹni tí ó mú ìwọ̀nba àyè tí ara rẹ̀ ń lò. Ti Basil ni ti ẹni tí ń ṣọ́ èyí tí kò lò. Ṣùgbọ́n ilé ìṣeré kò rí bákan náà pẹ̀lú ilé kọfí ní ohun kan: eré bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì parí lẹ́ẹ̀kan náà, àga kan fún ẹnì kan títí di òpin. Ní ilé kọfí, àga kan náà ni yóò gba ènìyàn púpọ̀ ní ọ̀sán kan, bí ọ̀kan bá ti ń dìde fún èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó fi fìlà gba tábìlì kò jí igi tábìlì. Àkókò ni ó mú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ká ní ilé kan ní tábìlì 30, tí títò ń gba ìṣẹ́jú 10, tí jíjẹ àti mímu sì ń gba ìṣẹ́jú 20. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí oúnjẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni í gba tábìlì, ẹgbẹ́ mẹ́ta ni yóò lo tábìlì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan, ilé náà yóò sì gba ẹgbẹ́ 90. Ṣùgbọ́n bí olúkúlùkù bá ń kọ́kọ́ gbé àpò lé tábìlì kí ó tó lọ tò, tábìlì kọ̀ọ̀kan yóò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 30. Ẹgbẹ́ méjì péré ni yóò lò ó, gbogbo wọn yóò sì jẹ́ 60. Ilé oní tábìlì 30 ti di ilé oní tábìlì 20. Mẹ́wàá ìyókù, fìlà àti àpò ni ó ń jókòó sí ìdí wọn. Ẹni tí ó ni fìlà kò jèrè kankan nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, nítorí orí ìdúró ni òun náà wà. Bí ilé bá ṣófo ní ìdajì, ìṣirò yìí kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé fìlà yín síbi tí ó bá wù yín.

Ìlú kan wà tí ó ti sọ ìwà yìí di àṣà gbangba, ó sì yẹ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí a tó dájọ́. Ìlú náà ni Singapore. Láàrin ọdún 1971 àti 1986, ìjọba ibẹ̀ kó àwọn olóúnjẹ ojú pópó lọ sínú àwọn ọjà oúnjẹ tí a kọ́ fún wọn. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti lé ní 100 nísinsìnyí. Ní ọdún 2020 ni àjọ UNESCO kọ àṣà wọn mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ọmọ ènìyàn. Nínú ọjà kan, olóúnjẹ púpọ̀ ni ó wà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àjùmọ̀ní ni àwọn tábìlì, kò sì sí ẹni tí yóò fi àyè han àlejò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bá tú jáde ní ọ̀sán, ẹ ó rí ìdì bébà ìnuwọ́ kékeré, tàbí agbòòrùn, tàbí káàdì orúkọ tí òṣìṣẹ́ ń fi kọ́rùn, lórí tábìlì tí kò sí ènìyàn nídìí rẹ̀. "Chope" ni wọ́n ń pe ìwà náà, gbogbo ará ìlú ni ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe é gbọ́. Ẹni tí ó dá nìkan wá kò ní ẹnìkejì tí yóò jókòó dè é. Àkókò oúnjẹ rẹ̀ kúrú. Ọbẹ̀ gbígbóná sì wà nínú àwo tí ó gbé lọ́wọ́. Àmì náà kì í ṣe ẹ̀tàn, nítorí ohun tí ọ̀kan fi ṣe èkejì lónìí ni èkejì yóò fi ṣe é lọ́la. Èyí ju ti àwa lọ, tí a ṣe tiwa ní ìlú onílùú láìbéèrè bí wọ́n ti ń ṣe é. Síbẹ̀, àdéhùn gbogbo ìlú kò dá ìṣẹ́jú mẹ́wàá padà sínú wákàtí, àlejò tí kò sì mọ àmì ni yóò máa gbé àwo rẹ̀ kiri. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n ti ń fi òfin mú ẹni tí ó bá fi àtẹ àti àwo àjẹkù sílẹ̀ lórí tábìlì nínú àwọn ọjà wọ̀nyí. Òfin yẹn dùn mọ́ wa nínú, nítorí ó rántí ẹni tí ń bọ̀ wá jókòó.

Ìṣòro kan wà tí a kò lè fojú fò. Ẹni tí ó bá pinnu láti má fi ohunkóhun gba àyè, nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun nìkan ni yóò dúró, tí ọbẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa tutù lọ́wọ́ rẹ̀. A kò lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó máa jìyà nítorí òdodo lórí ọ̀ràn búrẹ́dì àti tíì. Ọwọ́ ẹni tí ó ni ilé ni ó wà. Àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ ọ́ sára ògiri pé kí oníbàárà ra oúnjẹ rẹ̀ kí ó tó wá àga, níbi tí wọ́n bá sì ti dúró ti ọ̀rọ̀ wọn, ìjà kì í sí. (Ní ti àwọn tí ń fi Bíbélì àti ìwé orin gba odidi àga gígùn kan fún ẹbí wọn ní ọjọ́ ìkórè, a kò ní sọ púpọ̀, wọ́n mọ ara wọn.)

Abiyamọ tí ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́, tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn? Kí wọ́n jókòó kíá, kí ẹni tí ó bá wọn wá lọ tò. A kò ka èyí sí irú ohun tí àwa ṣe. Ènìyàn ni ó wà lórí àga. Ara rẹ̀ ń lò ó. Bí ẹni tí ó ṣe aláìní jù ú lọ bá sì dé, ó lè rí i, ó lè bá a sọ̀rọ̀, ó lè sún fún un. Fìlà kò ní ojú tí yóò fi rí àgbà, kò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dìde fún un.

Ọ̀rẹ́ wa ti jiyàn pẹ̀lú wa lórí èyí náà. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo tí ó jókòó de ẹni mẹ́ta fi ìdí rẹ̀ gba àga kan, ó sì fi ẹnu gba mẹ́ta; kí ni ẹnu fi sàn ju fìlà? A kò rí èsì tí ó tó fún un, àfi pé ẹnu lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìgbà ìkẹyìn tí àwa méjèèjì jọ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, òun ni ó jókòó nítorí orúnkún rẹ̀, àwa sì lọ tò. Nígbà tí a gbé àtẹ padà dé, obìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wà lórí àga méjèèjì, ọ̀rẹ́ wa sì dúró tì wọ́n, ó gbára lé agbòòrùn rẹ̀, ó ń fi ojú wá ibi tí a lè gbé ago wa kalẹ̀ sí.