Iná Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ẹni tó bá fi iná bíréèkì kẹta sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kì í rí i nígbà tó bá ń tàn. Ẹni tí kò mọ̀ rí ló ń tan iná fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni iná yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà àti gúlóòbù ni mo fi ń jẹun ní Tchaourou níbí.

Ọ̀nà Kútọnu sí Parakou, èyí tó lọ bá Niger ní Malanville, gba àárín ìlú wa kọjá. Ọkọ̀ ògbólógbòó kò wọ́n lórí rẹ̀. Ẹ óò rí Peugeot 504 tí iṣu kún inú rẹ̀ dé òrùlé, tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí pé kò lè padé mọ́, tí àpò èédú sì rọ̀ bo iná méjèèjì tó wà nísàlẹ̀. Tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyá oníṣu kan bá nawọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, awakọ̀ á tẹ bíréèkì, onítírélà kò sì ní rí nǹkan kan àfi àpò.

Alàáji kan tó ti ń wakọ̀ kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ wáyà ni mo fi iná kẹta lọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí Ọlọ́run bá ti kọ, gúlóòbù kò lè pa á rẹ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fi okùn di iṣu yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọkọ̀, ó lọ. Kò ra iná, kò sì dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Alàáji kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ o. Èmi náà gba kádàrá gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi í ni pé, kádàrá ta ni a ń sọ? Bí ènìyàn bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ó ṣe dáadáa. Ta ló wá ní kó fi ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kún un láìbi í? Ẹ sì wo ohun tí gbogbo wa ń ṣe bí tírélà bá kú sójú ọ̀nà lóru: ọmọ ọkọ̀ á sáré wọ igbó, á ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, á tò ó sílẹ̀ láti òkèèrè kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè mọ̀. N kò tíì rí ẹni tó dá a dúró pé kádàrá ti tó. (Kí wọ́n máa kó ewé náà kúrò bí wọ́n bá ń lọ ló kù.)

Nínú hádíìsì, Ànábì ka ẹ̀ka ìgbàgbọ́ sí ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ó lé, ó sì ní èyí tó kéré jù nínú wọn ni kí ènìyàn mú ohun tó lè ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà. Tíṣà Kátólíìkì kan ládùúgbò wa fi tiwọn hàn mí nínú Diutarónómì, orí 22: ẹni tó bá kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí sí etí òrùlé rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ má baà wà lọ́rùn ilé náà. Òfin náà kò béèrè bóyá ẹni tó já bọ́ wo ibi tó ń tẹ̀. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ fún mi pé ẹni tó gbá ni lẹ́yìn ló jẹ̀bi, torí kò fi àyè sílẹ̀. Òótọ́ ni, ọlọ́pàá náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tirẹ̀ kò pa ojúṣe tèmi rẹ́.

Ní 1974, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, John Voevodsky, fi iná kẹta sí ẹ̀yìn takisí 343 ní San Francisco, ó sì fi 160 sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Láàárín oṣù mẹ́wàá, gbígbá lẹ́yìn dín kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó ní iná. Láti orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọdún 1986 ni ìjọba wọn ti sọ ọ́ di dandan. Nígbà tí iná náà wá di ti gbogbo ayé, ojú mọ́ ọn. Ìwádìí ìjọba wọn ní 1998 rí i pé èrè rẹ̀ ti wálẹ̀ sí ìdá 4.3 péré nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn kan á ní, kí ni mẹ́rin? Èmi ò lè fi mẹ́rin yẹn ṣeré. Nínú ọgọ́rùn-ún ìkọlù tí ìbá ṣẹlẹ̀, mẹ́rin kò ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tọ́ka sí wọn. Ta ló ń ṣe sàráà ìdúpẹ́ nítorí jàǹbá tí kò mọ̀ pé òun yẹ̀? Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì ló ń yin ọrẹ tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ti iná yìí tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó ṣe é gan-an kò ní mọ ẹni tó gbà á títí ayé.

Iná tó ń purọ́ sì wà. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń ní kí n so tiwọn mọ́ wáyà iná alẹ́, kó lè máa tàn pupa ṣáá fún ẹwà. N kì í ṣe é. Ẹ̀rí ni iná bíréèkì ń jẹ́: ó ń sọ pé mò ń dúró. Bó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ẹni tó ń tẹ̀lé kò ní gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá di òótọ́. N kì í sì fi ẹ̀kẹta sí ọkọ̀ tí méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ kò bá tàn.

Iṣẹ́ náà kò le. Wáyà tó ń jáde láti ara súwíìṣì pẹ́dà bíréèkì ni a ó so wáyà kan lára iná náà mọ́, a ó sì so ìkejì mọ́ ara irin ọkọ̀ níbi tí a ti ha ìpẹtà kúrò. Àárín ni kó wà, lókè, níbi tí ẹrù kò ti ní bò ó. Lára 504 tó ń kó iṣu, èyí túmọ̀ sí irin ẹrù orí òrùlé. LED ni kí ẹ rà. Kì í jẹ iná tó wáàtì 21 ti gúlóòbù, ó sì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá yára tàn jù ú lọ. Lórí eré 90 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà márùn-ún nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti dàgbà, ẹ má dúró de òfin. Bí ẹ bá ti ṣàdúrà ìrìn àjò tán láàárọ̀, ẹ ní kí ọmọ ọkọ̀ yín lọ dúró lẹ́yìn, kí ẹ tẹ bíréèkì, kó sọ fún yín bó bá ń tàn.