Ta Ni Ó Ni Èéfín?

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín ni ìwà, kò ṣeé fi bò mọ́ra. Ọ̀rọ̀ ìwà ni a sábà máa ń mú nínú òwe yìí, a kì í bìkítà fún èéfín tí wọ́n fi ṣe àkàwé. Lónìí, ìwọ òǹkàwé mi, èéfín gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọlúàbí lè dáhùn: bí iṣẹ́ tí ó ṣe mí láǹfààní bá mú ìpalára jáde, tí mo sì tì í kúrò lọ́dọ̀ ara mi, ǹjẹ́ mo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ibi tí èéfín kò ti rí ibi sá sí. Nígbà tí àwọn ará New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ la ọ̀nà mọ́tò gba abẹ́ odò Hudson kọjá sí New Jersey, kì í ṣe omi odò nìkan ni ó ba àwọn ẹnjiníà lẹ́rù. Wọ́n mọ̀ pé mọ́tò a máa tu afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ó lè pa ènìyàn bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ní gbangba, atẹ́gùn a gbé e lọ. Nínú ihò abẹ́ odò, ibo ni yóò gbà?

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ní Yunifásítì Yale, àwọn kan yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n wọ yàrá tí a sé, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ náà símú ní ìwọ̀n tí a mọ̀, kí a lè rí ibi tí agbára ara ènìyàn mọ. A pinnu pé kò gbọdọ̀ ju ìdá 4 nínú ìdá 10,000 afẹ́fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé gogoro mẹ́rin, méjì ní ìhà kọ̀ọ̀kan odò, wọ́n sì to fáànù 84 sínú wọn. Ìdajì ń ti afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti abẹ́ títì, ìdajì ń fa èyí tí ó ti bàjẹ́ gba òkè àjà jáde, débi pé láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, afẹ́fẹ́ gbogbo ọ̀nà náà ti di tuntun. Clifford Holland, olórí ẹnjiníà iṣẹ́ náà, kú ní 1924 kí iṣẹ́ tó parí, a sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà náà. Ole Singstad, ẹni tí ó ṣètò afẹ́fẹ́ rẹ̀, ni ó wá parí rẹ̀ ní 1927.

Òwe wa ni wọ́n mú ṣe, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí: ẹni tí yóò fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀. Ilé gogoro náà sọ èéfín di ohun tí ó ní olúwa. Ó dúró gbangba. Ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé nítòsí rẹ̀ lè tọ́ka sí i, kí ó béèrè ohun tí ń jáde níbẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ìwọ lè sọ pé, ‘Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń gbé èéfín láti ibì kan dé ibòmíràn ni?’ Òtítọ́ ni, ìdí nìyí tí ilé gíga nìkan kò fi tó. Ní 1972, ilé-iṣẹ́ Inco tí ń yọ́ bàbà àti nickel ní Sudbury, ní ilẹ̀ Kánádà, gbé ọ̀pá èéfín kan ró tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 381. Ara tu àwọn ará ìtòsí, ṣùgbọ́n èéfín imí-ọjọ́ náà kò parẹ́. Ó bá atẹ́gùn jìnnà sí i ni, ó sì ń bá òjò rọ̀ sórí ilẹ̀ àti adágún omi àwọn ẹlòmíràn. Ìgbà tí wọ́n yí ọ̀nà iṣẹ́ padà tí èéfín fúnra rẹ̀ sì dín kù gidigidi ni ó tó ṣeé ṣe láti dáwọ́ lílo ọ̀pá náà dúró, ní 2020.

Wàyí o, jẹ́ kí a padà sílé. Ní Ifákò-Ìjàyè, a kò ní ọ̀nà mọ́tò abẹ́ ilẹ̀. Afárá gíga ni a ṣe sí Pen Cinema ní Agége lẹ́bàá wa, tí wọ́n ṣí ní 2021. Nítorí náà a rò pé ọ̀ràn ilé gogoro kò kàn wá. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ó yí wa ká: dánfó àti ọkọ̀ akẹ́rù tí ń tu èéfín dúdú, àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Ògbà, àti jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé ní Ìjú àti Fágbà nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Ta ni ó ni èéfín yìí? Olúkúlùkù ní, ‘Tèmi kéré, atẹ́gùn yóò gbé e lọ.’ Báńkì Àgbáyé ṣírò pé ní 2018, afẹ́fẹ́ tí ó bàjẹ́ pa ènìyàn bí 11,200 láìtọ́jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọmọ yìí kò wa ọkọ̀, wọn kò sì tan jẹnẹrétọ̀. Atẹ́gùn gbé èéfín lọ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó gbé e lọ.

Ẹnìkan yóò dáhùn pé bí iná bá ń jóni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Òwe náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n tẹ́tí sí i dáadáa. Ó ní kí a gbọ̀n ọ́n dànù, kò ní kí a gbọ̀n ọ́n sí ara aládùúgbò. Ó ní ti ara ẹni ni a ‘kọ́kọ́’ ń gbọ̀n; ohun tí ó ní àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní èkejì. Èmi kò dá onígbàjámọ̀ tàbí aránṣọ lẹ́bi tí ó tan jẹnẹrétọ̀ kí ó lè jẹun. Àìsí iná kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó sì yẹ kí ìjọba dáhùn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ó kọ ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Bí ó bá kọ ọ́ sí fèrèsé ayálégbé tí ń sùn, kò lè sọ pé ebi ni ó kọ ọ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí ọ̀la yóò di onílé, awakọ̀, ẹnjiníà tàbí aṣòfin, fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Máa ṣe bí ẹni tí ń gbé inú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀, níbi tí kò sí ohun tí a tú jáde tí ẹlòmíràn kò ní fà símú. Ṣírò èéfín rẹ kí o tó tan iná rẹ. Dín in kù kí o tó ronú ibi tí yóò gbà. Bi ẹni tí yóò bá a gbé léèrè kí o tó kọ́ ọ̀pá rẹ. Bí wọ́n bá sì béèrè ta ni ó ni èéfín, má ṣe tọ́ka sí atẹ́gùn. Na ọwọ́ rẹ sókè, kí o dáhùn pé, ‘Èmi ni.’