Ta Ló Ni Ọ̀nà?

Ẹni tó bá gbéra ní Iléṣà, tó ń bá ọ̀nà lọ sí Ìperindó, ìlú tí wúrà wà nínú àpáta ilẹ̀ rẹ̀, yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá orí ló ń gbé ni dé ibi tí à ń lọ ni, àbí ẹsẹ̀ ẹni. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Obòkun, tí wọ́n ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi pé, gba orí gbọ́ tọkàntọkàn. Síbẹ̀ wọn kò jókòó sílé de orí.

Nígbà tí ọkọ̀ bá wá dànù lónìí nítorí eré àsápajúdé, a ó ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Irọ́ ni a ń pa mọ́ Olódùmarè! Ògún, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, tí àwọn awakọ̀ ń bọ, òun náà ni àwọn abọ̀rìṣà ń fi irin rẹ̀ búra ní kóòtù. Kò fara mọ́ èké rárá. Ẹ̀yin awakọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ bíréèkì àti táyà yín wò kí ẹ tó gbéra.