Òrùlé Tí Kọ̀ǹpútà Jẹ́rìí Sí

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1978, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn kóra jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan nílùú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Yìnyín ń bọ́ níta. Eré parí, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Nígbà tí aago mẹ́rin ìdájí kọjá díẹ̀, gbogbo òrùlé gbọ̀ngàn náà já lulẹ̀, ó wó lé àwọn àga tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn dìde kúrò lórí wọn ní wákàtí mélòó kan ṣáájú. Òrùlé náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 1,400. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó farapa. Àánú Ọlọ́run ni.

Gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé ló yẹ kó mọ ìtàn yìí, nítorí yìnyín kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹrù tó wà lórí òrùlé náà lóru ọjọ́ yẹn kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tó yẹ kó lè gbé lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń ṣètò gbọ̀ngàn náà, kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ nǹkan tuntun lọ́wọ́ àwọn ẹnjinníà. Àwọn tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ sọ fún ìlú pé tí àwọn bá fi kọ̀ǹpútà ṣírò òrùlé ọ̀hún, irin díẹ̀ ni yóò gbà, ìdajì mílíọ̀nù dọ́là yóò sì dúró sápò. Ìlú gbà. Òrùlé náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 300, ó gùn ní 360, òpó mẹ́rin péré ló gbé e ró. Ilẹ̀ ni wọ́n ti so àwọn irin rẹ̀ pọ̀ tán kí wọ́n tó fi jáàkì gbé e lọ sókè.

Ilẹ̀ níbẹ̀ ni àmì àkọ́kọ́ ti yọjú. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ rí i pé àwọn oríkèé irin kan ń tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì wí i. Nígbà tí òrùlé dókè, wọ́n wọ̀n ọ́n: títẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí kọ̀ǹpútà sọ. Èsì tí àwọn ẹnjinníà fún wọn ni pé ìṣirò àti ohun gidi kì í fi gbogbo ìgbà bára mu, kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Agbaṣẹ́ṣe kan wá dé, ó fẹ́ de àwọn irin pẹlẹbẹ mọ́ etí òrùlé. Ihò irin rẹ̀ kò ṣe déédéé ihò tó wà lókè, nítorí òrùlé ti tẹ̀. Ó fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ni yóò dáhùn fún ìdádúró iṣẹ́. Ọkùnrin náà gé irin, ó tún un ṣe, ó fi tipátipá mú un bára mu. Ará ìlú kan pàápàá gbójú sókè, ó rí i pé òrùlé yẹn jin láàárín, ó sọ ọ́ síta. Wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀.

Ó dùn mí gan-an tí mo bá ro ọ̀rọ̀ agbaṣẹ́ṣe yẹn. Òun ni ẹni tó fọwọ́ kan àìsàn òrùlé náà, wọ́n sì ní kó fi irin bò ó mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin ló sọ ohun kan náà, àwọn kan fi tépù wọ̀n ọ́n, àwọn kan fi ojú rí i. Kọ̀ǹpútà nìkan ló ń sọ nǹkan mìíràn, òun sì ni gbogbo wọn gbà gbọ́.

Kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò purọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló ṣírò. Ẹ mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní orí méjèèjì; kíá ni yóò tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ wá jẹ́ kí ẹlòmíràn di àárín rẹ̀ mú gbọnin-gbọnin. Ẹ ó rí i pé ó gbà tó ìlọ́po mẹ́rin agbára yẹn kó tó tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin rí. Nínú ìṣirò Hartford, àwọn irin òkè tó gùn ní ẹsẹ̀ 30 ni wọ́n gbà pé nǹkan dì mú láàárín, ní ẹsẹ̀ 15. Ní etí òrùlé, kò sí ohun tó dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀. Bákan náà, ìwúwo òrùlé tí wọ́n kọ sínú ìṣirò fi ohun tó ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti gidi. Àwọn tí wọ́n ṣèwádìí lẹ́yìn ìjàǹbá náà sọ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti parí òrùlé ọ̀hún ló ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1980 ni wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn náà padà, pẹ̀lú òrùlé tuntun.

Ilé oníyàrá mẹ́ta ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta kò ní òrùlé tó gbòòrò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ pílánù tí wọ́n ń gbé wá síbi iṣẹ́ lónìí. Kí ẹ tó ya ìlà kan ṣoṣo, sọ́fítíwíà ti pinnu ohun púpọ̀ fún yín: bí ògiri ṣe nípọn tó, bó ṣe ga tó, ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà náà ló gbé ìwọ̀n wọ̀nyẹn kalẹ̀, ibi tí òun ń gbé ló sì wò. Sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Chief Architect wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí pákó ti jẹ́ egungun ilé. Sweet Home 3D, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, máa ń fún ògiri tuntun ní sẹ̀ǹtímítà 7.5 ní nínípọn àti 250 ní gíga.

Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án tiwa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22.5 kí a tó rẹ́ ẹ. Tí ilé bá ní ògiri mẹ́rin láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tí ayàwòrán sì fi ìwọ̀n sọ́fítíwíà sílẹ̀ bó ṣe wà, ilé náà yóò fẹ̀ ju ti inú àwòrán lọ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bíríkìlà á wá já a kúrò lára yàrá ìdáná tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí ilé sún mọ́ fẹ́ǹsì aládùúgbò ju bí òfin ṣe gbà lọ. Àtúntò ìwọ̀n ọ̀hún kò gba àkókò. Àmọ́ kí a tó ya ògiri àkọ́kọ́ ni ó yẹ kó wáyé, nítorí nínú Sweet Home 3D, ìyípadà yẹn kì í kan ògiri tó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà láàárín iṣẹ́ yóò ní ògiri oríṣi méjì nínú ilé kan, ojú lásán kò sì tètè rí i.

Ohun tó ń fara pamọ́ nínú àwòrán ńkọ́? Ohun tí a ń pè ní pílánù jẹ́ ilé tí a gé ní ìbú, tí a wá ń wò láti òkè. Sọ́fítíwíà Revit sábà máa ń gé e ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20 láti ilẹ̀. Ohun tó bá ga ju ibẹ̀ lọ lè má hàn, bí ojú fèrèsé kékeré tó wà lókè balùwẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé kò sí níbẹ̀, yóò fi òmíràn sí i. Nínú sọ́fítíwíà AutoCAD ẹ̀wẹ̀, léyà kan, ìyẹn ìpele tí a ń ya ìlà lé, wà tó ń jẹ́ Defpoints. Ìlà tó bá wà lórí rẹ̀ ń hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kì í jáde lórí bébà láé. Ayàwòrán lè ya páìpù omi pé pérépéré, kí ìwé tí púlọ́ńbà gbà lọ́wọ́ sì ṣófo.

Nítorí náà, tí nǹkan bá pòórá nínú àwòrán yín, ẹ má ṣe kánjú yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá àjà ilé tí ẹ ń wò gan-an ni, bóyá wọ́n ti pa léyà rẹ̀, bóyá ibi tí a gé ilé náà ti kọjá lábẹ́ rẹ̀, bóyá ẹnìkan ti fi í pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló wà níbẹ̀. Ògiri méjì tó dúró lórí ara wọn burú ju ògiri tí kò hàn lọ, torí pé wọ́n máa ń ka búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí a bá ń ṣírò owó.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹni tí yàrá rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 11 àti ínṣì díẹ̀, tó wá fi ọwọ́ tẹ 12 lé orí nọ́ńbà náà kó lè dùn ún wò. Àwọn sọ́fítíwíà kan gbà á láàyè. Ohun tí agbaṣẹ́ṣe Hartford ṣe sí irin rẹ̀ nìyẹn, àfi pé wọ́n fipá mú tirẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà kò bá ìlà mu mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbé ìṣirò líńtẹ̀lì tàbí irin òrùlé lé e ti ṣìnà láìmọ̀.

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ tẹ iṣẹ́ yín jáde sórí ìwé kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn ní rúlà kó wọ̀n ọ́n. Tí bíríkìlà bá pè yín láti ibi iṣẹ́ pé tépù òun kò bá àwòrán mu, ẹ dìde lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má sọ fún un pé kó wá ọgbọ́n ta sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé náà, ẹ má ṣe gba pílánù lójú fóònù nìkan. Ẹ bèèrè ìwé tó ní ìwọ̀n, ẹ bèèrè irú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ṣírò ògiri yín, kí ẹ sì dúró gba èsì kí ẹ tó san owó ìpìlẹ̀.