Ààrò Mẹ́ta Lójú Ọ̀run

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí nínú wa. Wọ́n ń pa á níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń pa á níbi ìpàdé ẹgbẹ́, pàápàá jù lọ nígbà tí alága bá fẹ́ kí gbogbo wa gba àbá òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi: kí ló dé tó fi jẹ́ ààrò mẹ́ta? Kí ló dé tí kì í fi í ṣe òkúta ràgàjì kan ṣoṣo?

Ohun tó gbé ìbéèrè yìí wá ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Bí wọ́n bá ní kí àwa tí a wà ní Ṣúpárè Àkókó níbí so ìràwọ̀ díẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀run, kí á fi ya àwòrán tuntun, kí á sì pe àwòrán náà ní àmì ìrẹ́pọ̀, kí ni a máa yà? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ aráyé ti ṣe irú ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ní 1751, onímọ̀ ìràwọ̀ kan láti ilẹ̀ Faransé, Nicolas-Louis de Lacaille, wá sí Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ó lo nǹkan bí ọdún méjì níbẹ̀, ó ń ka ìràwọ̀, ó sì ya àwòrán tuntun 14 sójú ọ̀run. Kí ló yà? Awò awọ̀nàjínjìn, agogo, ìléru, kọ́ńpáàsì, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, ẹyọ kan péré ló mú láti ibi tó dúró sí: Òkè Tábìlì tó wà lẹ́yìn ìlú Cape Town. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1679, Edmond Halley ti ya igi kan síbẹ̀ láti fi yẹ́ Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé jókòó ní 1922 tí wọ́n fọwọ́ sí àwòrán 88, wọn ò ka igi ọba náà mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, 88 náà ni. Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀kan kún un ní ti òfin.

A ṣì lè sọ ìràwọ̀ lórúkọ ṣá. Ní 2019, ẹgbẹ́ kan náà fún orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká, pé kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìràwọ̀ HD 43197 ló kan Nàìjíríà. Orúkọ tó jáde ni Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ígbò. Wọ́n sì pe pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano, ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú, tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tó sì tẹ ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1789. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn nínú yín: "Ṣàngó wa ńkọ́?" Ẹ fi ìbéèrè yẹn pamọ́ ná, a máa padà sí i.

Ẹni tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ àti ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ pàdé ni Confucius, àgbà ọlọ́gbọ́n ará Ṣáínà tí wọ́n bí ní 551 ṣáájú ìbí Jésù. Nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kó jọ, ó fi olórí tó níwà rere wé ìràwọ̀ àríwá: kì í kúrò lójú kan, gbogbo ìràwọ̀ yòókù ló sì ń yí i ká. Àwòrán yẹn dùn ún gbọ́, àwọn olórí sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, abí? Olórí wo ni kò fẹ́ kí ayé máa yí òun ká?

Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó láti Ṣúpárè. Ní ìlú tí wọ́n ti bí Confucius, ìràwọ̀ àríwá ga tó nǹkan bí dìgírì 35 lójú ọ̀run. Níbí, kò ju nǹkan bí dìgírì 7 àbọ̀ lọ. Na apá rẹ síwájú, kí o di ẹ̀ṣẹ́, kí o gbé e lé ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé: ẹ̀ṣẹ́ rẹ nìkan ti bò ó. Òkè tó yí wa ká, igi, àti ọyẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á bá ọ parí èyí tó kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìràwọ̀ tí à ń pè ní ti àríwá lónìí kọ́ ló wà nípò náà láyé Confucius. Ayé ń mì bí òkòtó tó fẹ́ ṣubú, ó sì ń gbà á ní nǹkan bí ọdún 26,000 kó tó mì yípo lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe ń mì ni ipò àríwá ń bọ́ lọ́wọ́ ìràwọ̀ kan sọ́wọ́ òmíràn. Ẹni tí a ní kì í kúrò lójú kan, àṣé òun náà ń kúrò! Àkókó pàápàá kò ní ọba kan ṣoṣo tó jẹ lórí gbogbo wa. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nítorí náà, èmi ò rò pé ìràwọ̀ àríwá ni àwòrán tiwa.

Confucius fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá wa mu ju ìyẹn lọ. Ó ya ìrẹ́pọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọra. Lójú tiẹ̀, ọmọlúàbí lè bá ẹlòmíràn rẹ́ láìjẹ́ pé èrò wọn dọ́gba nínú ohun gbogbo. Ẹnì kan tí òun àti rẹ̀ jọ gbé ayé nígbà kan náà, Yan Ying, ìjòyè ní ilẹ̀ Qi, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tó lè yé ọmọdé. Ìtàn sọ pé ní 522 ṣáájú ìbí Jésù, ọba Qi ń yin ìránṣẹ́ rẹ̀ kan pé òun nìkan ló bá òun rẹ́. Yan Ying ní rárá o, onítọ̀hún kàn ń tún ọ̀rọ̀ ọba sọ ni. Ó ní ìrẹ́pọ̀ dà bí ọbẹ̀: omi wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ohun kíkan àti ẹja wà níbẹ̀, alásè á fi kún èyí tó kéré, á sì dín èyí tó pọ̀ jù kù. Bí ọba bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ìjòyè náà ní bẹ́ẹ̀ ni, tí ọba bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ìjòyè náà ní bẹ́ẹ̀ kọ́, omi ni wọ́n ń bù sínú omi. Ta ló fẹ́ fi irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ iyán?

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe padà sídìí iná? Ará Ṣáínà ń sọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Àwọn baba wa ń sọ ohun tó gbé ìkòkò dúró. Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí á mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Bí o bá ti ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, ìkòkò lè jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibo lo fẹ́ ki igi bọ̀? Bí o bá sì gbé wọn jìnnà síra jù, ìkòkò á já sáàárín. Inú àlàfo tó wà láàárín ààrò ni iná ń gbé. Ẹni tó bá dí àlàfo yẹn nítorí ìṣọ̀kan, ebi ló ń pe ìdílé rẹ̀ sí.

Àwòrán tí mo mú wá nìyí. Ní àárín oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí òjò bá ti fọ eruku ojú ọ̀run, tí NEPA (orúkọ àtijọ́ yẹn kò kúrò lẹ́nu wa) sì ti ṣe tiwọn, ẹ jáde síta kí ẹ gbójú sókè. Ìràwọ̀ mẹ́ta kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtàrí wa gan-an ni wọ́n wà, wọ́n sì ya igun mẹ́ta ńlá. Arcturus wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ó pọ́n bí ọsàn, òun ló sì mọ́lẹ̀ jù. Spica wà ní ìhà gúúsù, ó funfun pẹ̀lú àwọ̀ aró díẹ̀. Denebola wà sí ìwọ̀-oòrùn, òun ló kéré jù lójú. Àwọn onímọ̀ ti mọ igun mẹ́ta yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú 88 yẹn. Èmi ń pè é ní Ààrò Mẹ́ta.

Ìmọ́lẹ̀ Arcturus ń rìn fún nǹkan bí ọdún 37 kó tó dé ojú wa, ti Denebola nǹkan bí 36, ti Spica nǹkan bí 250. Ìmọ́lẹ̀ Spica tí a bá rí lálẹ́ òní ti kúrò nílé kí orílẹ̀-èdè kankan tó máa jẹ́ Nàìjíríà. Àwọ̀ wọn yàtọ̀, agbára wọn yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ yàtọ̀. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ la fi ojú so wọ́n pọ̀. Ẹ tún yíjú sí àríwá lálẹ́ kan náà, ẹ ó rí ìràwọ̀ méje tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní ìgbákọ àríwá. Ẹ yíjú sí gúúsù, ẹ ó rí Àgbélébùú Gúúsù. Lónìí, ará ìlú Confucius kò lè rí àgbélébùú yẹn láti ilé rẹ̀, ará Cape Town kì í sì í rí ìgbákọ náà tán. Àwa rí méjèèjì pọ̀ nítorí pé a wà nítòsí agbedeméjì ayé.

Kí ni èyí kàn wá ní Àkókó? Ó kàn wá gan-an. Yorùbá là ń sọ ní Ṣúpárè, pẹ̀lú ohùn tiwa. Ṣùgbọ́n Àrìgìdì ní èdè tirẹ̀, Ìṣùà ní tirẹ̀. Ẹ wo Àjọwá. Orúkọ ìlú náà ti sọ ìtàn rẹ̀ tán: àwọn ìlú kéékèèké kó wá tẹ̀dó sójú kan, wọ́n ní a jọ wá. Daja àti Esuku tó wà nínú wọn ń sọ Akpes. Uro àti Ojo ń sọ èdè tó sún mọ́ ti Àrìgìdì. Wọ́n jọ wá, wọn ò sọ pé àwọn jọra. Bí wọ́n bá dé ọjà, Yorùbá ni wọ́n fi ń ná ọjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti ń dùn mí nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní irú àwọn ìlú yìí ló ń gbọ́ èdè ìyá wọn tí wọn ò sì lè fi fèsì mọ́. Àwa tí a ń sọ Yorùbá á ní kò burú, ṣebí ìrẹ́pọ̀ náà ni, gbogbo wa ti ń gbọ́ ara wa. Ṣé ìrẹ́pọ̀ ni lóòótọ́, àbí omi là ń bù sínú omi? Ohun tí à ń sunkún lójoojúmọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún Yorùbá, ṣé òun kọ́ ni Yorùbá ń ṣe fún Akpes? Lójú tèmi, ìkòkò ni Yorùbá jẹ́ fún gbogbo Àkókó. Ó dára kí á ní ìkòkò. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó bá gbé ààrò mì, orí kí ni yóò jókòó lé?

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ Ṣàngó tí a fi pamọ́. Ẹni tó ní ì bá wu òun kó jẹ́ Ṣàngó kò ṣẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n Amadioha tó wà lọ́hùn-ún kò pa Ṣàngó lẹ́nu mọ́; ìràwọ̀ pọ̀. Ohun tí ì bá bà mí nínú jẹ́ ni kí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ òrìṣà ìlú rẹ̀, kí á lè wà níṣọ̀kan.

Àwọn kan á ní, "Ìwọ yìí, ṣé ìyàtọ̀ kọ́ ló ń dá ìjà sílẹ̀ ni?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ nìkan kò se ọbẹ̀. Ààrò mẹ́ta tí kò gbé ìkòkò kan náà, òkúta lásán ni wọ́n. Ó yẹ kí á fẹnu kò lórí ìkòkò: pé a ò ní lu ara wa, pé ẹni tó sọ̀rọ̀ á jẹ́ kí ẹnìkejì sọ tiẹ̀, pé owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ sọnù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ààrò dúró níbi tó dúró sí. Níbi ìpàdé wa, ẹni tó bá dìde tó ní "èmi ò gbà" ni a máa ń pè ní adàlúrú. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà kan náà tó ní kí á bọ̀wọ̀ fágbà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ló sì ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣebí ajá oṣù ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń tọ̀, ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà wọn pàdé.

Nítorí náà, bí oṣù Karùn-ún bá dé, ẹ wá Ààrò Mẹ́ta lókè. Bí o bá wò ó tí o ní kò jọ ààrò lójú tìẹ, pé ẹ̀bìtì ló jọ, tàbí òrùlé ilé, kọ ọ́ wá kí á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí nígbà tó bá tún jáde. Mo máa bá ọ jiyàn. A sì tún máa jọ jẹun.